Kí ẹ tó kó ọ̀rọ̀ yín sínú áàpù ọ̀fẹ́, ẹ wo bí yóò ṣe jáde

Akọ̀wé Ọ́fíìsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan béèrè pé áàpù ọ̀fẹ́ wo ló dára jù láti fi to iṣẹ́ ojoojúmọ́. Èmi ò ní dárúkọ ọ̀kan kí n sì kọjá lọ, torí ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn lè má tẹ́ ẹlòmíì lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ wò báyìí kí n tó wo ẹwà tàbí àrà tí áàpù ń dá: tí mo bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ́la, ṣé ọ̀rọ̀ mi á bá mi jáde?

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Áàpù kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ọjọ́ ìpàdé, ohun tí a bá oníbàárà sọ, iṣẹ́ tó kù nílẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà tó yá, wọ́n yí ìlànà padà. Mo ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní mo ti kọjá iye tí ẹni tí kì í sanwó lè ní. Mo lè ka ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè kọ tuntun. Ó burú díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. Nígbà tí mo ní kí n kó ẹrù mi, fáìlì tó gbé fún mi jẹ́ irú èyí tí áàpù mìíràn kò lè ṣí. Ni mo bá jókòó tì í, mò ń ṣe àdàkọ àkọsílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Áàpù lè kú. Ẹ rántí Wunderlist, áàpù ìtòṣẹ́ tí àwọn ará Berlin ní Jámánì ṣe, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń lò. Microsoft rà á lọ́dún 2015, wọ́n sì tì í pa ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, ọdún 2020. Wọ́n ṣe ọ̀nà tí èèyàn lè gbà kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sínú Microsoft To Do, áàpù ìtòṣẹ́ tiwọn, wọ́n sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Gbogbo áàpù kọ́ ló máa ń fúnni ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Joplin, áàpù ìkọ àkọsílẹ̀ kan, ni mò ń lò báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti wò, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó lè kọ̀wé. Kí n tó kó ohunkóhun pàtàkì síbẹ̀, mo kọ àkọsílẹ̀ péréte, mo ní kó kó wọn jáde ní Markdown, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán tó ní àmì díẹ̀ nínú, mo wá fi áàpù ìkọ̀wé lásán tó wà lórí kọ̀ǹpútà ṣí fáìlì náà. Iṣẹ́ tí n kò tíì ṣe ní [ ] níwájú, èyí tí mo ti parí ní [x]. Ọ̀rọ̀ mi rèé, kedere, láìsí pé mo ń bẹ áàpù kankan. Ìgbà yẹn lọkàn mi balẹ̀.

Àwọn ohun tó ní ọjọ́ àti wákàtí kò sí níbẹ̀ o, inú kàlẹ́ńdà ni mò ń fi wọ́n sí. Fáìlì .ics, irú èyí tí àwọn kàlẹ́ńdà fi ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ ara wọn, tí Google Calendar bá gbé jáde, kàlẹ́ńdà Apple á gbà á, Outlook ti Microsoft náà á gbà á.

Ìyá Wúrà

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí èèyàn méjì lè lò ó. Ọkọ mi kì í fẹ́ kọ́ áàpù tuntun rárá. Áàpù tó dára tó, tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mò ń lò ó, kí ló ń tò? Google Keep, áàpù àkọsílẹ̀ ti Google, ni mo mú, torí ó ti wà lórí fóònù rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ṣe ìwé ohun tí a fẹ́ rà, mo pín in fún un. Mo wà níbi iṣẹ́, mo rí i tí "ọṣẹ" àti "gílóòbù" ń kúrò lókè lọ sí ìsàlẹ̀ lórí fóònù mi: ó ti rà wọ́n nìyẹn! Ìpè "kí lo ní kí n rà?" ti dópin láàárín wa.

Ní ti kíkó jáde tí ẹ sọ, mo lọ wò ó. Google Takeout, ohun tí Google ṣe kí èèyàn lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, ń kó àwọn àkọsílẹ̀ Keep jáde ní HTML, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi browser kà.

Ọmọ Yunifásítì

Ẹ ṣeun, mà. Èmi fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àṣẹ tí áàpù máa ń béèrè lórí fóònù kún un. Áàpù ìtòṣẹ́ kan tí mo gbà sórí fóònù ní òun fẹ́ mọ ibi tí mo wà, òun sì fẹ́ wo nọ́ńbà gbogbo èèyàn tí mo ní. Kí ni ìwé iṣẹ́ ṣíṣe fẹ́ fi nọ́ńbà màmá mi ṣe? Láti Android 6.0, lọ́dún 2015, ni èèyàn ti lè kọ̀ fún áàpù lórí àṣẹ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà mo kọ̀. Ó ní òun ò ní ṣí. Mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Microsoft To Do ni mo wá dúró sí, nítorí My Day, ojú ìwé tí mo ń kó iṣẹ́ tòní nìkan sí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ojú ìwé yẹn á ti ṣófo. Iṣẹ́ àná tí mi ò ṣe kò parẹ́, ó wà nínú ìwé tirẹ̀, èmi ni máa pinnu bóyá n ó tún mú un wá sí tòní. Ṣáájú ìyẹn, tí mo bá ti rí bí iṣẹ́ ṣe gùn jàn-àn-ràn jan-an-ran, ó máa ń rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Ọ́fíìsì

Àbúrò, o káre, mi ò rántí ọ̀rọ̀ àṣẹ yẹn. Ìyá Wúrà, ẹ̀yin náà jàre: tó bá jẹ́ ti èèyàn méjì, ẹni tí kò fẹ́ kọ́ tuntun ni ká kọ́kọ́ bi. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Trello, áàpù tó ń to iṣẹ́ sórí pátákó, pátákó 10 ni mo mọ̀ pé wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ààyè iṣẹ́ kan. Ṣé ó ń tó yín? Ẹ̀yin oní-iPhone, Reminders, áàpù ìránnilétí Apple, ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń kó ọ̀rọ̀ yín jáde níbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kọjá sí Android?