Òtútù ń jẹ bátìrì ọkọ̀ mi, ẹ gbà mí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Chicago ni mò ń gbé. Nígbà ooru, bí ọkọ̀ oníná mi bá gba iná kún, ó ń rin tó máìlì 220. Ní báyìí tí yìnyín dé, agbára káká ló fi ń dé 140. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, fólítì 120, ni mo fi ń ṣáàjì: máìlì 25 péré lóru, ibi iṣẹ́ mi sì jẹ́ 46 ní àlọ àti àbọ̀. Mo ti pa híítà kí bátìrì má bàa tètè tán, àmọ́ òtútù ń mú ọmọ mi tó ń jókòó lẹ́yìn, ìyẹn ló dùn mí jù. Ṣé kí n bẹ lánlọ́ọ̀dù kó jẹ́ kí wọ́n fa iná fólítì 240, tó ń ṣáàjì kíá, wọ gáréèjì? Àbí tí mo bá ń mú ọkọ̀ gbóná nígbà tó ṣì ń ṣáàjì lára ògiri, ṣé ó máa tó?