Ayùn ẹlẹ́wọ̀n kọ́, ayùn onílé kọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni arákùnrin wa tó wà ní Texas gbé ìbéèrè rẹ̀ wá. Ìjì wó igi kan lulẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó fẹ́ ra chainsaw, ayùn ẹlẹ́rọ tí wọ́n fi ń gégi, ẹni tó ń tà á sì ní kó mú nínú méjì: èyí tí wọ́n ṣe fún onílé, àti èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń fi igi gígé jẹun, tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ó pe bàbá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn láti gba ìmọ̀ràn. Ibẹ̀ ló ti rí i pé òun ò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí òun lè fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára ìkejì.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ti ń já lura wọn. Bàbá wa tó ń kọ́ni n'Ìbàdàn ní ká máa pè wọ́n ní "ayùn ẹlẹ́wọ̀n onílé" àti "ayùn ẹlẹ́wọ̀n akọ́ṣẹ́mọṣẹ́". Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin l'Ékòó ní kí la tún ń wá kiri, "ayùn kékeré" àti "ayùn ńlá" ti tó. Ẹlòmíràn ní "onípò kejì" àti "onípò kìíní". Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí "ẹlẹ́wọ̀n" bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ àná mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń fi ayùn yìí jẹun láti bí ogún ọdún nínú igbó ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní ayùn ẹlẹ́wọ̀n?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹlẹ́wọ̀n wo? Ṣé wọ́n ti ń kó wọn wá gégi ni?"

Gírámà Bàbá ò ní àbùkù. Oní àti ẹ̀wọ̀n ló para pọ̀ di ẹlẹ́wọ̀n, bí oní àti ẹja ṣe di ẹlẹ́ja. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ń gbé inú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, wọ́dà ló sì ń ṣọ́ ọ. A ò lè lé e jáde nítorí ayùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀wọ̀n tí Yorùbá mọ̀, òrùka tó kọ́ òrùka ni: ti ọrùn, ti ajá, ti ọwọ́ ọ̀daràn. Èyí tó wà lára ayùn yìí jọ ti kẹ̀kẹ́, irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìṣó kékeré so pọ̀, orúkọ tí a sì ń pe ti kẹ̀kẹ́ ni ṣéènì. Ọmọ tí ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ já lójú ọ̀nà ilé ìwé ò ní wọlé wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ òun já. Ṣéènì ti di ọmọ ilé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àyálò ni, kó kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀ṣì àti tábìlì lé wa lọ́wọ́ ná.

Ṣéènì náà ló sì ń gégi. Mo fẹ́ yà díẹ̀ síbí, ẹ fara dà á fún mi. Ní 1946, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ igi gígé ní ìpínlẹ̀ Oregon l'Amẹ́ríkà, Joseph Buford Cox, ń wo ìdin kòkòrò kan tó ń jẹ kùkùté igi. Ó rí i pé ìdin náà ń gé sọ́tùn-ún, ó ń gé sósì, yálà ó ń bá ojú igi lọ ni o, tàbí ó ń dá a ní ìbú. Cox wọ ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ lọ, ó ṣe ehín ṣéènì tó jọ ẹnu ìdin náà, nígbà tó sì di 1947 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ehín tí àwọn agégi ń fi fáìlì pọ́n láti Sweden títí dé igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹnu ìdin ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Èmi ò lè wá yọ ṣéènì kúrò nínú orúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nínú igbó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ni "ẹ́ńjìnnì". "Gbé ẹ́ńjìnnì wá" ti tó, kò sẹ́ni tó máa lọ gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Fún ìdí yìí, "ayùn ẹlẹ́ńjìnnì" wù mí gan-an, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbẹ̀. Ohun tó dá mi dúró ni pé oníbátìrì ti pọ̀ lọ́jà báyìí, ẹ́ńjìnnì ò sì sí níkùn rẹ̀. Bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: èyí tí Andreas Stihl kọ́kọ́ ṣe ní Stuttgart, ní Jámánì, ní 1926, iná mànàmáná ló ń lò, èèyàn méjì ló sì ń gbé e. Oní-pẹtiróòlù tẹ̀ lé e ní 1929. "Ayùn oníṣéènì" ló gba gbogbo wọn sábẹ́ òrùlé kan. Ẹlẹ́ńjìnnì àti oníbátìrì á wá jẹ́ ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀rọ ìgégi" tí àwọn kan dá lábàá ńkọ́? Ẹ dé sọ́míìlì èyíkéyìí, ẹ ó rí i pé CD tó ń la ìtì igi sí pákó náà, ẹ̀rọ ìgégi ni.

Ọ̀rọ̀ "onílé" ló kàn. Ẹ̀yin tó ń gbé l'Ékòó, nígbà tí ẹ bá gbọ́ "onílé", ta ló wá sí yín lọ́kàn? Ayálégbé tó bá ka "ayùn onílé" á rò pé owó ilé ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gbà lọ́wọ́ òun. Kó tún wá bọ́ sọ́wọ́ àwa tí a kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: "ayun onile". Ẹ̀rín kọ́ o. Ẹni tó bá kà á sí onílẹ̀, tó wá rántí àwọn ọmọ onílẹ̀ pẹ̀lú ayùn tó ń dún lọ́wọ́ wọn, á fi ilẹ̀ tó ń rà sílẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú "onílé" àti "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́" ni pé ẹni tó ni ayùn ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ayùn fúnra rẹ̀. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lè ra ti ẹ̀yìnkùlé, kó fi rẹ́ igi ìdáná nílé. Onílé tó lówó lọ́wọ́ náà lè ra èyí tó wọ́n jù, kó gbé e kọ́ sínú gáréèjì títí ọ́ìlì inú rẹ̀ á fi gan.

"Kékeré" àti "ńlá" ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ibí gan-an ni àbá yín ti ṣubú. Ẹ mú ayùn méjì tí ilé iṣẹ́ Stihl ṣe, MS 261 àti MS 271. Ìwọ̀n àyè inú ẹ́ńjìnnì àwọn méjèèjì, 50.2 cc ni, kò fi iye kankan ju ara wọn lọ. Síbẹ̀ ti àwọn tó ń fi igi jẹun ni 261; 271, ti oko ni wọ́n kà á sí, tí wọ́n ń pè ní Farm Boss l'Amẹ́ríkà. 261 ló tún fúyẹ́ jù, bíi kìlógíráàmù 4.9 sí 5.6 ti 271, òun náà ló sì lágbára jù. Ẹ wá wo MS 201 T tí àwọn tó ń gun igi gé ẹ̀ka fi ń ṣiṣẹ́ lókè: 35.2 cc péré, ó kéré sí MS 250 tí ó jẹ́ 45.4 cc, tí wọ́n sì kà mọ́ ti onílé. Tí a bá ní "ayùn ńlá" ni ti iṣẹ́, kí la fẹ́ pe 201 yìí? Ọmọ kékeré tó ń jẹ oyè àgbà?

Ibi tí ìyàtọ̀ wà gan-an, ojú mi ló ṣe. Bàbá mi kékeré ṣòwò gẹdú. Mo wà lọ́dọ̀ wọn fún ìsinmi ọdún kan nígbà tí ọmọṣẹ́ wọn kan gba òmìnira, tó lọ ra ayùn tuntun tirẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, nítorí ayùn náà ò ṣe àìdáa kankan. Ibi tí wọ́n gbé e lọ ni kò bá a mu. Igi àfárá ni ọmọ yìí ń fi là sí pákó, láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Kò pé oṣù kan tó fi gbé e padà wá. Bóòtù tó di bàà mú, ìyẹn irin pẹlẹbẹ gígùn tí ṣéènì ń sáré yí ká, ti ń yí nínú ihò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ayùn náà máa ń kú fúnra rẹ̀ tí ó bá ti gbóná. Bàbá mi kékeré dojú rẹ̀ dé, wọ́n fi èékánná kan ikùn rẹ̀. Ó dún pọ̀-pọ̀ bí ike ìpọnmi. Wọ́n fa tiwọn tó ti dúdú fún ọ́ìlì mọ́ra, wọ́n kan òun náà, ó dún kan-kan. Wọ́n ní, "Tìẹ, inú ike ló ń gbé. Èmi, inú irin ni tèmi ń gbé."

Kò sí ohun tí ìwé àwọn aṣàyùn á sọ tó ju ìyẹn lọ. Nínú èyí tí wọ́n ṣe fún onílé, ike ló gba ẹ́ńjìnnì mọ́ra. Nínú ti iṣẹ́, irin fífúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní magnesium ni ìdajì méjì tó di ẹ́ńjìnnì náà mú, inú irin náà sì ni bóòtù bàà wọ̀. Ooru ò tètè yí i padà. Tí pisítìnì bá há, mẹkáníìkì á tú u, á pààrọ̀ rẹ̀, á tún un dè, iṣẹ́ á máa lọ. Ti onílé náà ṣe é tú, àmọ́ owó tí ẹ ó ná sí i lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun. Òfin èéfín ẹ́ńjìnnì ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ka wákàtí fún wọn: 50, 125 tàbí 300, ìyẹn wákàtí tí ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì fọwọ́ sọ̀yà pé èéfín rẹ̀ ò ní kọjá ààlà tí a bá ń lò ó. Ọjọ́ ikú ayùn kọ́ ni wákàtí yìí o, ṣùgbọ́n ẹ wo bí 50 ṣe jìnnà sí 300.

Nítorí náà, iye ọjọ́ tí ayùn máa fi ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kó sọ ọ́ lórúkọ. Bí a ṣe ń sọ aṣọ lórúkọ náà nìyẹn: a ní aṣọ iṣẹ́, a ní aṣọ àwọ̀sùn, a ní aṣọ ìmúròde. Kò sẹ́ni tó ń pe aṣọ àwọ̀sùn ní aṣọ onípò kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé kò ṣe é wọ lọ síbi ìgbéyàwó. Èyí ni mo fi kọ "onípò". Ó ń bú ayùn tí kò ṣẹ̀.

Àbá tèmi rèé: ayùn ẹ̀yìnkùlé, ayùn oko, ayùn òòjọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ò nílò àlàyé: igi tó wó, ẹ̀ka tó ń fara kan òrùlé, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Ti oko wà láàárín, fún àgbẹ̀ tó ń gé igi ọgbà, tó ń ṣán ilẹ̀ tuntun. Òòjọ́ ni mo mọ̀ pé ẹ máa bá mi jà lé lórí. Ẹnìkan á ní ṣé kì í ṣe ayùn ojoojúmọ́ lásán ni yóò jọ létí? Ẹ rántí iṣẹ́ òòjọ́ ẹni, ẹ rántí oúnjẹ òòjọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú àdúrà. Ohun tí a fi ń wá àtijẹ ni òòjọ́. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi nínú igbó lórí fóònù, láìṣàlàyé. Mo ní, "Tó bá jẹ́ ayùn òòjọ́ ńkọ́?" Ó ní, "Ìyẹn tèmi. Bí kò bá dún lónìí, kò sí gààrí."

Arákùnrin wa ní Texas, ẹ lè wá pe bàbá yín padà báyìí pé: "Bàbá, ayùn ẹ̀yìnkùlé ni mo rà, mi ò ra ti òòjọ́." Tí igi kan ṣoṣo bá ni wàhálà yín, ẹ má fowó ṣòfò sórí 261. Ẹ fi ìyókù owó ra ṣòkòtò tó ń dá ṣéènì dúró, àti akoto pẹ̀lú ohun ìbotí. Kí ẹ sì po epo rẹ̀ dáadáa: mílílítà 100 ọ́ìlì tú-sírókù sínú lítà márùn-ún pẹtiróòlù. Ẹ má da pẹtiróòlù nìkan sí i bíi ti mọ́tò, kíá ni pisítìnì á há.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó ń dà mí láàmú. Tí òkè imú bàà bá fara kan igi, ayùn máa ń fò sókè padà sí ojú ẹni tó dì í mú, ó sì lè ṣeni léṣe gan-an. Kickback ni wọ́n ń pè é. Mo ti ń wo "ìtapadà", pé ayùn ta padà bí ìbọn ṣe ń tì, àmọ́ kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ bá mi ronú sí i kíákíá, nítorí itumọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà mọ kickback sí yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tí kò mọ ayùn lè túmọ̀ ìkìlọ̀ tó wà lára rẹ̀ sí "Ẹ ṣọ́ra fún rìbá".