Ohun tí mo rí ní Christchurch, ọdún méje lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mímì, Christchurch ní orílẹ̀-èdè New Zealand ni ìrírí tèmi ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, mo sì lọ kí wọn ní oṣù Kejì ọdún 2018. Nígbà yẹn, àárín ìgboro ṣì ṣófo káàkiri. Ẹ ó rí ilé tuntun kan tó ń dán, ilẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e á jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ lásán tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Ṣọ́ọ̀ṣì àgbà ìlú náà ṣì wà nínú ọgbà irin, ẹyẹlé ń fò wọlé fò jáde níbi tí ògiri iwájú ti ya lulẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilẹ̀ mì gan-an níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2010, ló lágbára jù, 7.1 ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Òru ni, kálukú wà lórí ibùsùn, ilé kankan kò wó pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó dé ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 2011 kò ju 6.3 lọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlú ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì jìn nínú ilẹ̀. Aago kan ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni. Ìgboro kún. Èèyàn 185 ló kú.

Nínú àwọn 185 yìí, 115 kú sínú ilé kan ṣoṣo, ilé alájà mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní CTV. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó wá kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ sọ pé àwòrán ilé náà kò dára tó, kò sì yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí i rárá. Nítòsí ibẹ̀, ẹnì kan kó àga 185 jọ, ó kùn gbogbo wọn ní funfun, kò sí méjì tó bára mu: àga ìjẹun, àga onírọ̀gbọ̀kú, àga alárùn ẹsẹ̀, títí dé àga ọmọ ọwọ́. Níwájú ti ọmọ ọwọ́ yẹn ni ẹsẹ̀ mi ti kọ̀, n kò lè lọ síwájú mọ́. Nígbà tí ilé alájà mọ́kànlélógún wó ní Ikoyi ní oṣù Kọkànlá 2021, tó pa èèyàn tó lé ní ogójì, àwọn àga wọ̀nyẹn ló padà wá sí mi lójú. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò mì ní Ikoyi.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi mú wa lọ sí ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀, lẹ́bàá odò Avon. Ilé wọn kò wó o. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni kò ṣeé gbára lé. Iyanrìn tó mu omi yó ló wà lábẹ́ apá ibẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mì, iyanrìn àti omi pò pọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, ó ń ru jáde sínú ọgbà, sójú títì, sínú yàrá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Student Volunteer Army, gbé ṣọ́bìrì, wọ́n ń bá àwọn àgbàlagbà kó o. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ilẹ̀ tún mì, ẹrẹ̀ tún dé. Ìjọba wá ra ilé bí 8,000 lọ́wọ́ àwọn onílé, wọ́n sì wó èyí tó pọ̀ jù.

Títì ṣì wà, òpó iná ṣì wà, ilé kò sí. Igi èso ló kù. Ìyá yẹn fọwọ́ kan igi ápù kan, wọ́n ní ẹ̀yìn kíṣìnnì àwọn nìyí. Wọ́n ń tọ́ka: ibí ni ti lágbájá, ọ̀hún ni ti tàmẹ̀dò, ẹni tó ń gbé níkọ̀rọ̀ yẹn ti kó lọ sí Australia. A mọ bí a ṣe ń kí ẹni tí ilé rẹ̀ jó. Ṣùgbọ́n kí ni a ń sọ fún ẹni tí wọ́n sanwó ilé rẹ̀ fún, kí koríko lè hù síbẹ̀? Mo ṣáà dì wọ́n mú. Wọ́n já ápù kún àpò, wọ́n ní kí a máa jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, àyájọ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ mì, a bá àwọn ará ìlú dé etí odò. Wọ́n ń ju òdòdó sínú omi, wọ́n tún ń ki òdòdó bọ orí kóònù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi ń dí títì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba tiwa lọ wò jù lọ ni ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2016 ní dandan ni kí ilé tí ilẹ̀ mímì lè wó ní ìwé náà lára, kí ẹni tó ń wọlé rí i, kí onílé sì tún un ṣe tàbí kó wó o láàárín ọdún tí wọ́n dá fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Haiti tàbí Nepal, ẹ jọ̀ọ́, irú òfin báyìí ha wà níbẹ̀ bí?