Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ikọ̀ (aṣojú ìjọba) ilẹ̀ Ṣáínà pàdé rí, ẹ wá sọ tiyín

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:
Ẹ kú àsìkò yìí o. Nígbà tí mo ń kàwé ní Beijing, mo ní ọ̀rẹ́ kan tí kò fẹ́ iṣẹ́ míì láyé ju iṣẹ́ ikọ̀ lọ. Èmi ọmọ Nàìjíríà bi í pé ta ló mọ̀ lókè. Ó wò mí bíi pé mo bú u. Ìdánwò òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó rù kó tó yege.

Ipò méje ló wà lórí àtẹ̀gùn wọn, ikọ̀ àgbà ló wà lókè pátápátá. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni tiẹ̀, wọ́n ń pè é ní *suiyuan*, ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ̀gá kiri. Áfíríkà ni wọ́n rán an lọ. Láti 1991, Áfíríkà náà ni mínísítà ilẹ̀ òkèèrè wọn ń kọ́kọ́ rìnrìn àjò lọ lọ́dọọdún. Bí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, oorun parí fún suiyuan: òun ni yóò ka àga, òun ni yóò wá omi gbígbóná tí àwọn àgbà fẹ́ mu.

Ó pè mí lóru ọjọ́ kan láti pápákọ̀ òfurufú. Bàbá rẹ̀ wà ní ọsibítù, ọmọ kan ṣoṣo sì ni. Kò tọrọ àyè. Mo ní àwa máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó dákẹ́, ó ní kí n tún un sọ kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá mo tù ú nínú tàbí mo tún fi kún ẹrù rẹ̀.

Àgbà kan, Ògbómọ̀ṣọ́:
Accra ni wọ́n bí mi sí ní tèmi. Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní ọjà Makola. Mo rántí ọkọ̀ kan tó ní àsíá pupa níwájú, tí àwa ọmọdé máa ń juwọ́ sí. Wọ́n ní ti ikọ̀ Ṣáínà ni. Huang Hua ló ń jẹ́, ó ti wà níbẹ̀ láti 1960. Ní oṣù kejì 1966 àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah, Beijing gan-an ni Nkrumah sì wà! Kí ọdún náà tó parí, Gánà àti Ṣáínà ti pín gaàrí. Ọkọ̀ alásìá kò kọjá mọ́.

Wọ́n gbé ọkùnrin yẹn lọ sí Cairo. Nígbà tí nǹkan dàrú nílé wọn ní 1967, wọ́n pe àwọn ikọ̀ yòókù padà, òun nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ó dé Kánádà, ó dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1971, ó di mínísítà ní 1976. Àwa ńkọ́? Oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwa àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì ká kẹ́rù. Bàbá mi ní wọ́n lé ikọ̀, ìjọba rẹ̀ wá ibòmíì fún un. Wọ́n lé aláṣọ, ta ni yóò wá ibòmíì fún un?

Ìyá oníṣòwò kan, Èkó:
Tèmi kò gùn. Níbi ayẹyẹ ọdún tuntun wọn l'Ékòó, ọmọbìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ wọn kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀, mà." Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni o! Beijing ló ti kọ́ Yorùbá ní yunifásítì. Ó ní ohùn wa kò dẹ́rù ba òun, èdè tiwọn náà ní ohùn. Kíkí wa ló pọ̀ jù. Mo ní kò tíì rí nǹkan, pé bó bá bá onídìrí lẹ́nu iṣẹ́, "Ojú gbooro o" ni yóò kí i. Ó di orí mú.