“Géèjì gíà” kọ́ ni ohun tí a ń ṣọ́: èrò mi lórí orúkọ tí a ń wá

Àwa tí a ń ra ọkọ̀ ní Dallas, tí a ń fà wọ́n wá sí Houston kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, fẹ́ tẹ ìwé ìlànà kékeré kan ní Yorùbá fún àwọn awakọ̀ tuntun. Orúkọ ohun tí ó ń fi hàn bí ọ́ìlì inú gíà ọ̀tò ṣe gbóná tó ni ó dá wa dúró. Ẹnì kan dábàá “géèjì gíà”, nítorí pé ó kúrú, ó sì ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn dábàá “ẹ̀rọ aṣòdiwọ̀n ìgbóná-òun-ìtutù àpótí agbára-ìyípo”. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọ̀kankan.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù “géèjì” rèé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àbúrò mi kan tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ó dé láti Ìbàdàn ni ó wa píkọ́ọ̀pù mi bọ̀ láti Dallas, pẹ̀lú Camry kan lórí pẹpẹ onítáyà tí a so mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo sọ fún un lórí fóònù pé kí ó máa wo géèjì gíà dáadáa. Nígbà tí ó dé Corsicana, ó dúró, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń mọ bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ, ó sì pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo géèjì gíà, ó kún dáadáa.” Ohun tí èmi gbọ́ ni “dáadáa”, ọkàn mi sì balẹ̀. Kí ó tó dé Huntsville, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò sì sún. Nígbà tí mo débẹ̀, èmi náà fa ọ̀pá yẹn yọ. Ọ́ìlì tí ó yẹ kí ó pupa bí omi ìṣápá ti dúdú bí àgbo, ó sì ń rùn bí ẹ̀wà tí ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ó ṣì kún, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí.

Àbúrò mi kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Lẹ́nu mẹkáníìkì ní Ìbàdàn àti ní Èkó, ọ̀pá yẹn gan-an ni géèjì, bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó ni ó sì ń sọ. Èmi tí mo ti pẹ́ ní Texas ni mo fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun mìíràn. Bí a bá tẹ “géèjì gíà” sínú ìwé wa, ọ̀pá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń kọ ọ́ fún yóò máa fà yọ.

Ní ti orúkọ gígùn yẹn, n kì í ṣe ọ̀tá irú ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nínú kíláàsì, “ìgbóná-òun-ìtutù” bójú mu, nítorí pé olùkọ́ ní àkókò láti là á yé ọmọ. Awakọ̀ tí ó ń fa ẹrù gun òkè kò ní àkókò yẹn, kò sì sí ìtutù tí ó ń bà á lẹ́rù. Ìgbóná nìkan ni. Ní ti “àpótí agbára-ìyípo”, gíà ni gbogbo wa ń pè é, kí ó máa jẹ́ gíà.

“Ooru” tí ẹnì kan tún mú wá kò bá a mu. Ooru ní í mú ènìyàn, òun ni a ń bá jà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀, omi àti ọ́ìlì, gbígbóná ni wọ́n ń gbóná.

Ohun tí mo fẹ́ kí a má ṣe yọ kúrò ni “ọ́ìlì”. Nínú gíà ọ̀tò, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì fi ń ti gíà, nínú ohun rìbìtì tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀kì kọnfátà. Bí ẹrù bá wúwo tí ọkọ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, ńṣe ni a ń ro ọ́ìlì yẹn ṣáá, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ìgbóná náà ti ń wá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láàrin 175 sí 200 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, èyíinì ni 79 sí 93 lórí Celsius, ni ara rẹ̀ ti máa ń dá. Tí ó bá dé nǹkan bí 240 lórí Fahrenheit, ó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, ó sì ń lẹ̀ mọ́ irin bí oje igi. Ní gbogbo àkókò yìí, abẹ́rẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù tí ó ń sọ ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì lè dúró sí àárín láìmira. Ẹni tí a bá kàn sọ “ìgbóná” fún, abẹ́rẹ́ yẹn ni yóò máa wò. “Epo gíà” náà kò tó, nítorí pé nídìí ọkọ̀, bẹntiróòlù ni epo lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, “òṣùwọ̀n ìgbóná ọ́ìlì gíà” ni àbá tèmi. Ó sọ ohun tí a ń wọ̀n, ó sì sọ ohun tí ó ni ín. Lójú fóònù, níbi tí àyè kò ti sí, “ìgbóná ọ́ìlì gíà” ti tó. (Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ka iye yìí lórí fóònù báyìí, láti ojúhò OBD-II, ibi tí a ti ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń sọ, tí ó wà lábẹ́ sítíárì, tí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní láti ọdún 1996.)

Lórí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ó fi sọ ohun tí awakọ̀ yóò máa ṣe sí òṣùwọ̀n náà, ẹnì kan fi òwe gbe “wò” lẹ́sẹ̀: igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Òwe náà bá ọ̀rọ̀ wa mu gan-an, síbẹ̀ “ṣọ́” ni mo fẹ́. A lè wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan kí a gbójú kúrò, gẹ́gẹ́ bí àbúrò mi ti ṣe ní Corsicana. Ẹni tí ó ń ṣọ́ nǹkan kì í kúrò nídìí rẹ̀. Kí a kọ “fa ọkọ̀”, kì í ṣe “wọ́ ọkọ̀”, nítorí ohun tí ó ń ha ilẹ̀ ni a ń wọ́. Kí a sì má pe pẹpẹ onítáyà ní tírélà, nítorí pé odidi ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni tírélà lójú ẹni tí ó ti Èkó bọ̀.

Ó ku ibi kan tí n kò tíì rí ojútùú sí. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, inú àwo ìsàlẹ̀ gíà, níbi tí ọ́ìlì ń rọ́ jọ sí, ni wọ́n ti ń wọn ìgbóná rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, ojú páìpù tí ó ń gbé e jáde lọ síbi tí yóò ti tutù ni. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, iye ti páìpù lè fò sókè lójijì nígbà tí ti àwo ṣì ń rọra gòkè, nítorí náà awakọ̀ méjì lè máa sọ iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí òótọ́ sì wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. “Ìgbóná àwo” tẹ́ mi lọ́rùn fún ti àkọ́kọ́. Fún ìkejì, n kò lè lo “àbájáde”, nítorí pé ó ti di èsì lẹ́nu gbogbo wa. “Ìgbóná ìjáde” ni mo ń lò fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá kí a tó tẹ ìwé náà.