Irú ṣáàtì wo ló yẹ ìròyìn oko adìyẹ? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé_Oko
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oko léyà (adìyẹ tó ń yé ẹyin tà) kan lọ́nà Ọdẹ́dá ni mo ti ń kọ rékọ́ọ̀dù. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn tó ni oko, wọn ò sì gbé ibì kan náà: ẹ̀gbọ́n àgbà wà l'Ékòó, ọ̀kan wà ní London, àwọn yòókù wà káàkiri. Ìparí oṣù ni mo máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó dé ti to gbogbo ẹ̀ sínú Excel, pie chart (àwòrán róbótó tí wọ́n gé sí ègé ègé) sì ni gbogbo ẹ̀, oríṣi 3D tí wọ́n ṣe bíi pé ó nípọn yẹn.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n àgbà bi mí pé, "Ṣé oko ń lọ síwájú ni àbí ó ń padà sẹ́yìn?" Mo wo àwọn pie náà títí, kò sí èyí tó dá a lóhùn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi rèé: ẹyin tí a ń kó lójoojúmọ́ ní ilé A àti ilé B (àwọn adìyẹ B kéré lọ́jọ́ orí, wọn ò sì pọ̀ tó ti A), oúnjẹ tí wọ́n jẹ, adìyẹ tó kú, àti iye kirétì tí àwọn oníbàárà kó. Mẹ́jọ ni oríṣi oníbàárà wa: àwọn ìyá ọjà Kútọ̀, Lafẹ́nwá, Pánṣẹ́kẹ́ àti Òmídà l'Abẹ́òkúta, àwọn tó ń yan búrẹ́dì, àwọn onítíì, àtàwọn méjì mìíràn. Èwo ni kí n fi bar ṣe, èwo ni line? Ṣé ó di dandan kí n ra app ni?

ỌmọLísàbí
Àbúrò, ẹ̀gbọ́n àgbà ti bá ẹ ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ìbéèrè la fi ń mọ ṣáàtì tó yẹ ká yà. "Síwájú àbí sẹ́yìn", ọ̀rọ̀ àkókò nìyẹn, line chart ló sì ni ín: ọjọ́ ń lọ nísàlẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, ẹyin ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà kan fún A, ìlà kan fún B.

Ṣùgbọ́n má fi iye ẹyin gan-an yà á o. Ká ní adìyẹ A jẹ́ 1,000, tí B jẹ́ 600, ìlà A ló máa wà lókè títí ayé, kódà kó jẹ́ pé B ló ń yé dáadáa jù. Gbé iye ẹyin ọjọ́ náà, fi iye adìyẹ tó wà láàyè lọ́jọ́ náà pín in, kó o sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹyin 850 lára adìyẹ 1,000 jẹ́ 85%. Ẹyin 540 lára 600 jẹ́ 90%. Ìgbà yẹn ni wọ́n á rí i pé B kì í ṣe ẹgbẹ́ A.

Tíṣà_Ìṣirò
Mo gbe ỌmọLísàbí lẹ́sẹ̀. Ti àwọn oníbàárà ni kí n sọ: má fi pie ṣe é. Àwọn onímọ̀ méjì, William Cleveland àti Robert McGill, dán irú èyí wò, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 1984. Bí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà kan náà, tó jẹ́ pé ibi tí kálukú wọn dé la kàn ń wò, ojú èèyàn kì í sábà ṣì í. Bó bá di igun, tàbí bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Bí Kútọ̀ bá kó 17%, tí Lafẹ́nwá kó 19%, ta ló máa fojú mọ̀ ọ́n lára pie? Ti 3D tún wá burú jù: ègé tó wà níwájú á dà bíi pé ó tóbi ju tẹ̀yìn lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè dọ́gba.

Bar chart ni kó o lò, kó o dá ọ̀pá ẹ̀ dùbúlẹ̀ kí orúkọ ọjà lè hàn tán. Kí ẹni tó kó jù wà lókè, kó máa dín kù bọ̀ nísàlẹ̀. Kí ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ láti òdo o, má gbà fún Excel. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti 200, ẹni tó kó kirétì 220 á dà bí ìdajì ẹni tó kó 240. Ti line kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹyin bá ń rìn láàárín 80% sí 95%, o lè gé ìsàlẹ̀ kúrò kí ìyípadà lè hàn, tó o bá ṣáà ti kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kedere.

Ọkùnrin kan náà ló kó wàhálà àti ìwòsàn wá bá wa, William Playfair ará Scotland. Line àti bar rẹ̀ jáde nínú ìwé lọ́dún 1786, pie tẹ̀lé e lọ́dún 1801. Ká ní ó ti sinmi kí ó tó di 1801 ni!

Ìyá_Ẹlẹ́yin_Lafẹ́nwá
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú àròjinlẹ̀. Èmi ò ní bá yín da pie nù o. Nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tiwa, ohun kan la máa ń fẹ́ mọ̀: nínú owó tí a yá èèyàn, èló ló ti wọlé, èló ló ṣì wà níta. Ègé méjì péré. Àgbà tí kò kàwé á wò ó, á mọ̀ pé gbèsè ti ju ìdajì lọ. Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀pá ṣe níbẹ̀? Àti pé, ìwọ akọ̀wé, kọ nọ́ńbà sí i lára. Ẹni tó fowó sóko fẹ́ rí iye.

Tíṣà_Ìṣirò
Ẹ jàre, mọ̀mí. Ègé méjì, mẹ́ta, mo gbà. Mẹ́jọ ni mo ń bá jà.

Ọmọ_Alábàátà
Ẹ̀ka ẹran ọ̀sìn ni mo wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta. Ohun kan wà tí ẹ ò tíì mẹ́nu kàn: ìlà léyà kì í tọ́ gbọnrangandan. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, wọ́n á gòkè kíákíá, wọ́n á kọjá 90% ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 26 sí 30 bí ìtọ́jú bá péye, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa rọra wálẹ̀. Bí ilé A bá ti dàgbà, ìlà ẹ̀ á máa wálẹ̀ ṣáá ni, àwọn tó ni oko á sì máa rò pé ẹnìkan ń jí ẹyin kó.

Torí náà, ya èkejì tó jẹ́ pé ọjọ́ orí adìyẹ ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń ta ọmọ adìyẹ sábà máa ń ní ìwé pélébé tó sọ iye tó yẹ kí irú adìyẹ náà máa yé ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ya ìyẹn sẹ́yìn ní àwọ̀ eérú. Bí A bá ń sọ̀kalẹ̀ tó ṣì ń bá ìlà eérú rìn, ara kò tíì fu. Bó bá já kúrò lára ẹ̀ lójijì, ẹ lọ yẹ omi wò, ẹ yẹ oúnjẹ wò, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ má gbàgbé ooru February sí March náà. Oúnjẹ kì í wọ̀ wọ́n lọ́fun nígbà yẹn.

Ti adìyẹ tó kú, má fi line ṣe é lójoojúmọ́. Òdo, òdo, ọ̀kan, òdo, méjì: á kàn máa fò sókè sódò ni. Kó ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan jọ sí ọ̀pá kan, kó o sì kọ ọ̀rọ̀ kékeré sórí ọ̀sẹ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀: "a gún wọn lábẹ́rẹ́", "a pààrọ̀ oúnjẹ".

Akọ̀wé_Oko
Ẹ ṣé gan-an ni o. Ti oúnjẹ ńkọ́? Mo rí i pé Excel lè gbé oúnjẹ àti ẹyin sórí ṣáàtì kan ṣoṣo, kí òṣùwọ̀n ọ̀kan wà lósì, ti èkejì lọ́tùn-ún. Ó wù mí.

ỌmọLísàbí
Jọ̀ọ́, má dán an wò. Fa òṣùwọ̀n ọ̀tún sókè díẹ̀, ìlà méjèèjì á pàdé. Tì í wálẹ̀, wọ́n á pínyà. Ìwọ lò ń pinnu ibi tí wọ́n ti pàdé, adìyẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. To ṣáàtì méjì léra, kí ọjọ́ wọn bára mu.

Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ àti ẹyin jọ ń rìn, scatter ni. Ọ̀sẹ̀ kan, àmì kan: gíráàmù tí adìyẹ kan jẹ lóòjọ́ nísàlẹ̀, ìdá ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Léyà tó ti ń yé máa ń jẹ tó gíráàmù 110 sí 120 lóòjọ́, ìyẹn ni pé àpò kìlógíráàmù 25 á bọ́ adìyẹ bíi 210 sí 225. Bí tìrẹ bá ń fò lọ sí 140, bóyá oúnjẹ ń dànù sílẹ̀, bóyá ó ń bá ẹnìkan relé. Ṣùgbọ́n má sọ fún wọn pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ooru lè fa méjèèjì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tíṣà_Ìṣirò
Kó o sì ya àmì náà kó o tó gbára lé average. Lọ́dún 1973, onímọ̀ ìṣirò kan, Francis Anscombe, to ọ̀wọ́ nọ́ńbà mẹ́rin sílẹ̀, average wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, àmọ́ nígbà tó yà wọ́n, kò sí èyí tó jọ èkejì.

Tẹlifóònù_Kékeré
Ẹ rántí pé fóònù ni wọ́n fi ń wò ó o. Ṣáàtì kan, àwòrán kan. Kí lẹ́tà tóbi. Kọ "Ilé A" sí ìdí ìlà ẹ̀ gan-an, má jẹ́ kí wọ́n máa wá ìtumọ̀ àwọ̀ kiri nínú àpótí kékeré. Pupa àti àwọ̀ ewé papọ̀ ò dáa, àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lo búlúù àti àwọ̀ ọsàn. Fi ránṣẹ́ bíi document, torí WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀. Má ra app kankan. Excel tó, Google Sheets sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Aláwàdà_Ṣápọ́n
Ẹ ya máàpù Abẹ́òkúta sí i kí á lè rí Òkúta Olúmọ 😂

Tíṣà_Ìṣirò
Ibi tí nǹkan wà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbéèrè ká tó ya máàpù, bí dókítà John Snow ṣe ṣe nígbà tí kọ́lẹ́rà ń pa àwọn ará Soho ní London lọ́dún 1854, tí òkú pọ̀ yí ẹ̀rọ omi kan ká. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó fẹ̀ á kàn gbojú. Ẹ wo máàpù ìpínlẹ̀ Ògùn: ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n fẹ̀ ju Abẹ́òkúta South lọ fíìfíì, èèyàn ibẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti Abẹ́òkúta South.

Akọ̀wé_Oko
Ó ti yé mi. Line méjì fún ẹyin, ọ̀kan tọjọ́, ọ̀kan tọjọ́ orí. Ọ̀pá fún oníbàárà àti fún òkú adìyẹ. Scatter, èmi nìkan ni màá máa wò ó ná. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá_Ẹlẹ́yin_Lafẹ́nwá
Akọ̀wé, ilé B yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń yé ẹyin kéékèèké? Èló lẹ ń ta kirétì ẹ̀? Àwọn onítíì ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Lọ wo inbox ẹ.