Mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ láti máa ránṣọ ní Òṣogbo: ohun tí ojú mi rí

Àbúrò wa tó béèrè bóyá kí òun fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí òun gbájú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀nà tí èmi náà gbà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún mi.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Ìránṣọ ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi nítòsí Ọjà Ọba ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù kí n tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́sàn-án mò ń kọ́ ọmọ, lálẹ́ mò ń ránṣọ nínú yàrá. Nígbà tó di 2019, mo rí i pé owó tó ń wọlé lórí ẹ̀rọ ti ju owó oṣù mi lọ. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí táàmù kẹta.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò mi ti ṣì. Nígbà tí mò ń ránṣọ nínú yàrá, n kò san owó ṣọ́ọ̀bù. Iná ilé ni mò ń lò. Owó oṣù ló ń bọ́ wa, gbogbo owó ìránṣọ wá dà bí èrè lójú mi. Ọjọ́ tí mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Alẹ́kúwodò ni mo mọ̀ pé n kò tíì ṣòwò rí. Onílé gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ́ǹtì gba tirẹ̀, owó àdéhùn tún wà lọ́tọ̀. Mo ra ẹ̀rọ wífìn àlòkù tí a fi ń rán etí aṣọ kó má baà tú, jẹnẹrétọ̀ kékeré, tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ àti dígí gígùn kan. Kí n tó gé aṣọ oníbàárà àkọ́kọ́, owó tí mo fi ọdún mẹ́ta kó jọ ti tán.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni bí ìparí oṣù ṣe máa ń rí. Fún bí oṣù mẹ́fà, tó bá ti di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ọwọ́ mi á ṣàdédé lọ sórí fóònù, bí ẹni pé owó kan fẹ́ wọlé.

Kò sì pẹ́ tí kòrónà fi dé. Ní òpin oṣù kẹta 2020, ìjọba ní kí gbogbo wa jókòó sílé. Ìgbéyàwó kò sí, òkú ṣíṣe kò sí, ta ló fẹ́ rán aṣọ ẹbí? Ìbòmú ló gbà wá. Mo tú àpò tí mò ń kó àjákù àǹkárá sí, mo fi wọ́n rán ìbòmú, àwọn ìyá ọlọ́jà ń rà á. Gààrí kò tán nílé.

Àwìn ni mo fẹ́ sọ jù. Lóṣù kejìlá 2021, ìyá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà kó aṣọ ẹbí méjìlélógún wá fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn ìnáwó ni àwọn á san gbogbo ẹ̀. Mo fi owó ara mi ra líníìnì, sípù àti gum stay tí a ń lẹ̀ mọ́ inú aṣọ kó lè dúró, mo pe ọmọbìnrin méjì kún ara mi, a kò sùn fún òru mẹ́ta. Ìnáwó parí. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, àwọn ṣì ń ka owó. Oṣù kan kọjá, wọ́n ní ọkọ ìyàwó kò tíì kó tirẹ̀ wá. Tí a bá pàdé lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á fà mí mọ́ra, wọ́n á gbàdúrà lé mi lórí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ yanu béèrè owó lọ́wọ́ àgbà tó ń gbàdúrà fún mi lọ́wọ́? Díẹ̀ ni wọ́n san. Ìyókù kò wá títí dòní. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì gba owó iṣẹ́ wọn pé lọ́wọ́ mi, ẹ̀tọ́ wọn ni.

Láti ìgbà náà, ìdajì owó kí téèpù tó kan ara yín, ìdajì tó kù kí aṣọ tó kúrò lórí ìkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pàápàá ń san án. Àwọn kan bínú lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n lọ.

Nígbà kan, iná dé lójijì pẹ̀lú agbára bí mo ṣe ń lọ léèsì ẹnì kan. Ihò tó jó kò ju bọ́tìnì lọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́, tí nǹkan bá bàjẹ́, ọ̀gá wà tí ọ̀rọ̀ á kàn. Èmi nìkan ló kù báyìí. Mo wọkọ̀ lọ sí Gbági ní Ìbàdàn, mo rí irú léèsì náà, wọn kò sì gé yáàdì kan tà fún mi, odidi yáàdì márùn-ún ni mo rà. Èrè oṣù yẹn lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ìyẹn. Owó inú dúrọ́ọ̀ ni. Ọmọ fẹ́ san owó ìwé, mo ṣí i. Àbúrò ọkọ mi ní òun fẹ́ yá díẹ̀, mo ṣí i. Ọjọ́ kan aṣọ mẹ́sàn-án wà nílẹ̀, n kò rí owó ra òwú. Mo jókòó sórí àga ẹ̀rọ, mo sunkún. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu iye tí n óò máa san fún ara mi ní gbogbo Sátidé, bí ìgbà tí mò ń san án fún ọmọ iṣẹ́. Alájọ ń gba tirẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyókù, owó ṣọ́ọ̀bù ni, kódà ọkọ mi mọ̀ pé n kò ní í fọwọ́ kàn án. Owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ló gbé mi la ọdún 2023 já, nígbà tí owó náírà wọ́n lóṣù kejì, tí lítà bẹntiróòlù kan sì fò láti nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦500 lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún.

Aládìrẹ kan, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Tíṣà, ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lóṣù kẹjọ, tí àlejò bá wọ̀lú fún ọdún Ọ̀ṣun, ohun tí mò ń tà lọ́sẹ̀ méjì lè ju ti oṣù mẹ́ta lọ. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ná an bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, n kò rí owó ra aró àti kẹ́míkà. Ogún yáàdì aṣọ funfun tí mo ti fi ìko di wà nílẹ̀. Ẹ mọ bí aṣọ ṣe máa ń jáde nínú aró: á kọ́kọ́ dà bí ewé tútù, tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, á di aláró lójú ẹni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti aṣọ dídì yẹn láì rí ìyẹn. Ní báyìí, owó kẹ́míkà oṣù mẹ́rin ni mo ń kọ́kọ́ yọ nínú owó ọdún kí ẹnikẹ́ni nílé tó mọ̀ pé mo tà.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ìyá mi. Àǹtí Tíṣà, ṣé ẹ kábàámọ̀?

Tíṣà:
N kò kábàámọ̀. Nígbà tí ibà dá ọmọ mi àgbà dúbúlẹ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́rin, n kò kọ̀wé tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó ọjọ́ mẹ́rin yẹn náà sì lọ bẹ́ẹ̀. Má tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, àbúrò mi. Ra ìwé kan, kí o máa kọ gbogbo owó tó ń wọlé lálẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Lóṣooṣù, yọ iye tí wàá máa san lórí ṣọ́ọ̀bù tí o kò tíì gbà kúrò níbẹ̀, kí o fi pamọ́. Wo ìyókù bóyá ó lè bọ́ ilé yín, kí o wá sọ iye tó kù fún wa.